Òróró Lórí Ṣòkòtò Ológun

"Àǹtí, ta ló da òróró sí ṣòkòtò mi?"

Bọ́láwùmí ò tíì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé ṣòkòtò náà sókè síwájú iná bí ẹni tó ń yẹ ayédèrú owó wò. Ṣòkòtò jíìnsì àtijọ́ ni, aláwọ̀ búlúù tó ti ń ṣá díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Àbàwọ́n dúdú mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ báyìí: ọ̀kan níbi ìbàdí, méjì tó kù lórí orúnkún méjèèjì. Nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀.

Àǹtí Adéníkẹ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, ó ń rẹ́ ilá sínú abọ́. Kò gbójú sókè.

"Ẹnì kankan ò dà á sí i. Èmi ni mo fi sí i."

"Ẹ fi kí ni sí i?"

"Òróró àdúrà. Má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre, Bọ́lá. Aṣọ ṣọ́jà tó ti kú lo gbé wọ yàrá tí èèyàn mẹ́rin ń sùn sí. Ṣé kí n wá máa wò ó níran ni?"

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?"

"Ìwọ náà lo sọ pé ṣòkòtò yẹn ti lé ní àádọ́ta ọdún. Tí ẹni tó ni ín ò bá tíì kú, ó kù díẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ṣì wà nínú ibẹ̀ gbàgàdà, wọ́n fi ọ̀dà tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ṣé aṣọ tó ní orúkọ olórúkọ nínú lèèyàn á kàn máa gbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Gift, ọmọ Benin tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, yọjú láti ẹ̀yìn fóònù rẹ̀. "Aunty, you for ask am first na."

"Tìẹ dà níbẹ̀?" Àǹtí Adéníkẹ́ dá a lóhùn, ó sì ń rẹ́ ilá lọ.

Bọ́láwùmí rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ṣòkòtò náà lé itan. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Láti òwúrọ̀ ló ti wà lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ tó sì fẹ́ sọ pọ̀ débi pé kò mọ èyí tí yóò fi síwájú.

Ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó yẹ ká mọ ohun tí ṣòkòtò yìí jẹ́ fún un. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá, ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣa òkìrìkà. Nílé, tí a bá rí òkìrìkà lọ́jà, a máa ń rò pé láti ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá tààrà. A kì í ronú kan àwọn obìnrin bíi Bọ́láwùmí tí wọ́n ń tú ìdì aṣọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ya èyí tó ṣì dára sọ́tọ̀ kúrò lára àkísà. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí nídìí tábìlì ṣòkòtò. Eruku ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára débi pé tó bá sín, áńkáṣíìfù rẹ̀ á di búlúù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló kì ọwọ́ bọ inú òkìtì kan, kò sì tíì fojú rí ohun tó bà kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ pé eléyìí yàtọ̀. Jíìnsì ìsinsìnyí máa ń fà bíi rọ́bà. Èyí le gírí, ó tutù. Ó fà á yọ. Wọ́n rán àpò méjì onígun mẹ́rin mọ́ iwájú rẹ̀ lóde, kò sí irin kankan létí àpò bíi ti àwọn yòókù, ìbàdí rẹ̀ sì ga. Inú ìbàdí yẹn ni wọ́n tẹ orúkọ ọkùnrin kan àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ṣòkòtò tí wọ́n máa ń fún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ ni, láti fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Bọ́láwùmí ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí i lójúkojú rí. Sùpáfáísọ̀ wọn gbà kó rà á. Ó kàn gbé e sórí ìwọ̀n bí ẹni ń wọn ẹran, ó ní, "Khalas, take," pé ó ti parí nìyẹn, kó máa gbé e lọ.

Ilé iṣẹ́ yẹn sì ń kógbá wọlé níparí oṣù. Wọ́n máa fagi lé visa gbogbo wọn. Òṣogbo ni Bọ́láwùmí yóò padà sí, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti Fikáyọ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè é níbẹ̀. Nínú gbogbo ibi tó ti wáṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ló dá a lóhùn: Madam Rima, ará Lẹ́bánónì tó ń ta aṣọ àtijọ́ fún àwọn olówó ní Al Quoz. "Bá mi wá aṣọ kan tí o fojú ara rẹ ṣà," ni obìnrin náà sọ fún un. "Mú gbogbo ohun tó yẹ kó bá a rìn dání, kí o wá wọ̀ ọ́ fún ère ṣọ́ọ̀bù níwájú mi. Tó bá wù mí, mo máa ṣe visa fún ọ." Ọ̀la tó jẹ́ Jímọ̀ ni àdéhùn wọn.

"Àǹtí, ẹ mọ̀ pé ọ̀la ni," Bọ́láwùmí sọ. "Gbogbo yín lẹ mọ̀."

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi gbàdúrà sí i! Kí ohunkóhun tó bá wà lára ẹ̀ má bàa tẹ̀ lé ẹ lọ síbẹ̀. Kí ọ̀nà lè là."

"Ọ̀nà wo? Òróró ólífì kì í tètè jáde lára jíìnsì, Àǹtí!"

Ó dìde, ó gbé ṣòkòtò náà lọ sí báluwẹ̀. Ó da páúdà lé àbàwọ́n náà, ó dúró, ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó tún da òmíràn sí i. Ó fi ọṣẹ ìfọbọ́ sórí kàn-ìn-kàn-ìn, ó rọra ń fi tẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ rẹ ẹ́ sómi. Tó bá rẹ ẹ́, aró á ṣàn, ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ orúkọ á sì ṣí, ohun tí Madam Rima máa rí kò ní ju ògbólógbòó ṣòkòtò lásán lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wọn ní Al Qusais, ọkùnrin ará Kerala kan tó ti hu ewú.

Ọkùnrin náà fi ìka méjì ra ibi orúnkún, ó gbé e símú.

"What oil? Cooking?"

"Prayer."

Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì. "Sister, need two day, three day. Today chemical put, colour also go."

"Bhaiya, please. Tomorrow I need it."

"Khalas, sister. Leave it."

Nígbà tó padà dé yàrá, ilá ti jinná. Àǹtí Adéníkẹ́ ti bu oúnjẹ Bọ́láwùmí sọ́tọ̀, ó fi abọ́ dé e, ó gbé ẹja tó tóbi jù sí i. Bọ́láwùmí wo oúnjẹ náà, ojú rẹ̀ ṣú.

"Ẹ ti ba ayé mi jẹ́. Ẹ máa jẹ ilá yín."

Kódà Gift gbé fóònù sílẹ̀. Bọ́láwùmí fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ró. Àǹtí Adéníkẹ́ kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Gbálẹ̀gbálẹ̀ ni obìnrin náà ní ilé ìwòsàn kékeré kan, ó sì wà lára àwọn tó máa ń gbààwẹ̀ fún ìjọ wọn. Nígbà tí Bọ́láwùmí kọ́kọ́ dé, tí ẹni tó mú un wá já a sílẹ̀ ní Deira pẹ̀lú àpótí kan, ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni Àǹtí ti pàdé rẹ̀, ó mú un wálé, orí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń sùn títí Bọ́láwùmí fi ríṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Adéníkẹ́ nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀.

"O mọ Adéjàre."

Bọ́láwùmí mọ̀ ọ́n. Àbúrò Àǹtí ní Ìbàdàn ni, ẹni tí gbogbo yàrá máa ń gbóhùn rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Sunday, tó máa ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó mọ̀ wọ́n.

"O mọ̀ pé ó ń tiro?"

"Ẹ sọ pé ọ̀kadà ló gbé e ṣubú."

"Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀kadà. Ó ra ṣòkòtò kan nínú òkìrìkà, ọdún tó wọ Poly. Ṣòkòtò ṣọ́jà ni, òun ò mọ̀. Ó rí i pó bá òun mu, ó bá wọ̀ ọ́ jáde. Àwọn ṣọ́jà kan dá a dúró ní oríta, wọ́n ní ta ló fún un láṣọ ìjọba. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré nínú oòrùn, kó gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, tó fẹ́ ṣubú, ọ̀kan nínú wọn fi bàtà gún un lórúnkún. Èmi ni wọ́n wá pè. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ni mo bá a, Bọ́lá. Kò lè dìde, ó sì ń bẹ̀rù láti jókòó."

Àǹtí Adéníkẹ́ tún ìró rẹ̀ ró.

"Láti ọjọ́ tó o ti gbé tìẹ wọlé, mi ò rí oorun sùn. Tí mo bá ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ báyìí, orúnkún Adéjàre ni mo máa ń rí. Ẹ ò mọ̀, mi ò sì fẹ́ dà yín láàmú. Lónìí tí gbogbo yín jáde, mo ní kí n kojú ìbẹ̀rù náà. Ẹ̀rù ṣì bà mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìyẹn ló jẹ́ kí òróró náà pọ̀ jù. Mo fi sórí orúnkún méjèèjì, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá wọ ṣòkòtò yìí, orúnkún ẹ̀ ò ní kanlẹ̀ níwájú ṣọ́jà láé."

Ìbínú Bọ́láwùmí kò lọ. Ó kàn di pé kò mọ ẹni tí yóò bínú sí mọ́. Ó fa abọ́ ilá náà sọ́dọ̀, ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bó ti tutù yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo aṣọ tó ti ń ṣà pamọ́ jáde, ó ní kí Gift dìde dúró kó ṣe bí ère ṣọ́ọ̀bù fún òun. Ó kọ́kọ́ fi ṣíńgílẹ́ẹ̀tì onílà wọ̀ ọ́ lókè ṣòkòtò náà. Gift wo ara rẹ̀ nínú dígí.

"I be like person wey wan go paint ship."

Òótọ́ ni. Ó bọ́ ìyẹn, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun ńlá kan sí i. Ìyẹn náà dára, àmọ́ gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bọ́láwùmí jókòó, ó ń wo ṣòkòtò náà. Aṣọ tó le báyìí, tí wọ́n rán fún ẹni tó ń fọ irin, tó ń gbé okùn, ó yẹ kí nǹkan tó rọ̀ máa tù ú nínú. Ó wá rántí búláòsì léèsì kan, aláwọ̀ mílíìkì, irú èyí táwọn ìyá àgbà òyìnbó máa ń dì bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Ó ki ẹsẹ̀ búláòsì náà bọnú ṣòkòtò, kí ìbàdí gíga yẹn lè hàn, kí àpò méjèèjì lè jókòó dáadáa. Ó fi bẹ́líìtì awọ tí wọ́n hun dè é. Kò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè. Ó jẹ́ kó fẹ̀ bó ṣe fẹ́ fẹ̀, kó wọ́ lé orí sálúbàtà pẹlẹbẹ.

"Chai," ni Gift sọ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bẹ́líìtì ti bo àbàwọ́n ìbàdí. Ti orúnkún ò ṣeé bò. Bọ́láwùmí yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ibi yòówù kéèyàn dúró sí, orúnkún lojú ń kọ́kọ́ rí.

Àǹtí Adéníkẹ́ ti wà ní kọ̀rọ̀ látàárọ̀. Ó wá dìde, ó tan áyọ́ọ̀nù.

"Gbé búláòsì yẹn wá, ó ti rún. Búláòsì nìkan o."

Ọkọ̀ ojú irin Metro ló gbé Bọ́láwùmí dé ìdajì ọ̀nà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ilé ìkẹ́rùsí Al Quoz. Oòrùn ò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Láti ìta, ilé ìkẹ́rùsí bíi ti tiwọn ní Sharjah ni ṣọ́ọ̀bù Madam Rima jọ. Nínú, ògiri funfun ni, òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, àti aṣọ díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ jìnnà síra wọn bí ẹni pé wọ́n bá ara wọn jà.

Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó fi awò ojú há irun. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó, ó ń wo Bọ́láwùmí bó ṣe ń wọ̀ ọ́ fún ère náà, bó ṣe ń to ẹsẹ̀ ṣòkòtò, bó ṣe ń fa léèsì náà díẹ̀ jáde kó má bàa fún jù. Nígbà tó parí, Madam Rima dìde, ó yí ère náà po.

"Léèsì," ló sọ. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, madam. Mo kàn rò pé ó yẹ ẹ́."

"Ó yẹ ẹ́." Ó sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ bọ́ sí orúnkún. Obìnrin náà fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Háà! Epo ẹ́ńjìnnì. Wò ó, orúnkún méjèèjì! Ọkùnrin yìí kúnlẹ̀ nídìí ẹ́ńjìnnì." Ó gbé bẹ́líìtì sókè díẹ̀. "Ó sì nu ọwọ́ síbí. Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da epo sí i kó lè dà bíi tòótọ́? Tòótọ́ nìyí, habibti. Àwọn oníbàárà mi á jà lé e lórí."

Ó mú káàdì funfun kékeré kan lórí tábìlì, ó kọ nǹkan sí i, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́: "Ó kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun. Epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì wà lórúnkún." Ó fi pínnì há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúnkún ṣòkòtò náà. "O lójú. Mú passport rẹ wá lọ́la."

"Ẹ ṣé, madam," ni Bọ́láwùmí sọ.

Ó parí nìyẹn. Kò sí ohun tó kù tó fẹ́ ṣe. Kò purọ́, kò sọ nǹkan kan, ẹnu rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà ní pípadé títí yóò fi jáde. Fikáyọ̀ kò ní kúrò níléèwé. Òun náà yóò jókòó nínú òtútù yìí, láàárín aṣọ tí kò léruku. Ó tẹ̀ láti gbé báàgì rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára káàdì náà. "Ó kúnlẹ̀," ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ó rí Adéjàre lórí kọnkéré. Ó rí Àǹtí Adéníkẹ́ nínú yàrá nìkan, níwájú ohun tó ń dẹ́rù bà á jù láyé, tó ń na ìka tó ń gbọ̀n sí i nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ti gba gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ Àǹtí báyìí, wọ́n ti kó o fún ológun. Ó dun Bọ́láwùmí. Ó dùn ún ju bí òróró náà ṣe dùn ún lánàá lọ, ó sì bínú pé ó dun òun, torí ó mọ ohun tó fẹ́ ná òun.

"Madam, kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì."

Madam Rima yíjú padà. "Kí lo sọ?"

"Òróró ólífì ni. Àná ni wọ́n fi sí i. Àǹtí mi tá a jọ ń gbé ló fi gbàdúrà sí i. Ẹ̀rù aṣọ ológun ń bà á, torí àwọn ṣọ́jà ba orúnkún àbúrò rẹ̀ jẹ́ nítorí irú ṣòkòtò báyìí."

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó di í mọ́wọ́.

"O lè ti dákẹ́," ló sọ níkẹyìn. Kò bínú. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti rẹ̀. "Mi ò bá má mọ̀ láéláé."

"Mo fẹ́ dákẹ́, madam. Mi ò lè ṣe é."

Madam Rima yọ pínnì náà, ó mú káàdì kúrò, ó ká a sí méjì. "Mi ò lè ta eléyìí. Epo ọkọ̀ ogun, ìtàn ni. Òróró àná, àbàwọ́n ni." Ó tún wo ère náà, ó pẹ́ tó ń wò ó. "Ọwọ́ rẹ dáa. Léèsì yẹn dáa gan-an ni. Jẹ́ kí n rò ó. Mo máa pè ọ́."

Bọ́láwùmí ti gbọ́ "mo máa pè ọ́" ní ìlú yìí tó láti mọ bó ṣe fúyẹ́ tó. Ó bọ́ aṣọ lára ère náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn sínú báàgì, ó dúpẹ́, ó jáde sínú oòrùn.

Nígbà tó fi máa dé Al Qusais, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Àǹtí Adéníkẹ́ kò sí lókè. Ó jókòó lórí pèpéle iwájú ilé wọn, ó ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀nà. Bó ṣe rí i ló dìde. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo báàgì ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì wú bákan náà bó ṣe gbé e jáde.

"Wọn ò gbà á."

"Wọ́n ní àwọn máa pè mí, Àǹtí."

"Bọ́lá." Ohùn obìnrin náà wálẹ̀. "Sọ òótọ́ fún mi. Òróró yẹn ló bà á jẹ́, àbí?"

Bọ́láwùmí wo obìnrin náà. Òótọ́ kan ti tó o fún òní, kò ní agbára òmíràn. Àmọ́ ó yà á lẹ́nu pé ìdáhùn tó bọ́ sí i lẹ́nu kì í ṣe irọ́.

"Rárá, Àǹtí mi. Nínú gbogbo ẹ̀, òróró yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù."

Àǹtí Adéníkẹ́ ń wò ó, ó ń wá ojú rẹ̀ kiri, ìgbà tó yá, omi lé ròrò sí òun alára lójú. Ó na ọwọ́.

"Gbé e wá."

"Àǹtí, ṣòkòtò yẹn ló wà nínú ẹ̀ o."

"Mo mọ̀. Ṣé kó o tún wá gbé ẹrù gorí àtẹ̀gùn bó o ṣe rí yìí? Gbé e wá jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ó gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sí abíyá bí ẹni gbé ọjà bọ̀, ó sì ṣíwájú rẹ̀ gòkè.